Ẹ bi wúfà léèrè kí ẹ tó gé pákó

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ sì kú sùúrù pẹ̀lú àwa òǹkàwé tí lẹ́tà wa kì í tètè parí. Lẹ́tà bàbá kan láti Adó-Èkìtì tí ẹ gbé jáde láìpẹ́ yìí ló mú mi gbé gègé. Bàbá náà ní kí ìjọba fòfin de àwọn àpótí sọ́bùwúfà, ìyẹn àpótí wúfà, sípíkà ńlá tó ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ orin (báàsì) jáde, tí àwọn ọ̀dọ́ ń kàn fúnra wọn, pé ariwo lásán ni, pé kò bá ilẹ̀ iyì, ilẹ̀ ẹ̀yẹ mu. Mo kà á tán, mo rẹ́rìn-ín, nítorí èmi tí mò ń kọ̀wé yìí kì í ṣe ọ̀dọ́. Ọmọ-ọmọ mi ti ń lọ sílé ìwé. Síbẹ̀ mo ti ń ṣètò láti kan ọ̀kan sí pálọ̀ mi níhìn-ín ní Ìkẹ́rẹ́, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí n óò kàn láyé mi.

Gìtá báàsì ni mò ń ta. Kí n tó di onígìtá inú ìjọ, mo ti bá ẹgbẹ́ olórin jùjú rin òde ìnáwó láti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè dé Òmùò. A ṣeré mọ́jú, a jẹ iyán mọ́jú. Ẹni tó ń kọrin ni wọ́n máa ń lẹ owó mọ́ níwájú orí. Ẹni tó ń ta báàsì, ẹ̀yìn ni wọ́n ń tì í sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ onílù. Ìyẹn kò dùn mí rárá. Ohun tó ń dùn mí ni pé bí wọ́n bá gbé orin wa sórí fóònù, mi ò sí níbẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Okùn tó nípọn jù lára gìtá báàsì olókùn mẹ́rin, bí ẹ bá ta á láìtẹ̀ ẹ́ níbì kankan, ó ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí ni wọ́n ń kọ ní 41 Hz. Okùn tó tẹ̀lé e jẹ́ 55, èyí tó kàn jẹ́ 73, tín-ín-rín ìkẹyìn jẹ́ 98. Etí ọmọ ènìyàn ń gbọ́ láti nǹkan bí 20 Hz lọ sókè títí dé 20,000, nítorí náà kò sí èyí tí etí kò lè gbọ́ nínú wọn. Àmọ́ sípíkà bíńtín inú fóònù kò lè mú 41 Hz jáde rárá. Ohun ìyanu ibẹ̀ ni pé ẹ ó ṣì dá orin náà mọ̀. Bí okùn 41 bá dún, 82 àti 123 tó jẹ́ ọmọ rẹ̀ máa ń bá a dún. Àwọn ọmọ yẹn ni fóònù gbé jáde, ọpọlọ yín wá ń fọkàn dí ibi tí ìyá wọn yẹ kó wà. Ọpọlọ ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n àyà kò gbọ́ nǹkan kan.

Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí ètò wúfà ti bẹ̀rẹ̀: orin wo lẹ fẹ́ máa gbọ́, ohùn wo ló sì wà nísàlẹ̀ pátápátá nínú rẹ̀? Tèmi ni 41. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí tó ń ta olókùn márùn-ún ní ṣọ́ọ̀ṣì, okùn karùn-ún wọn ń sọ̀ kalẹ̀ dé nǹkan bí 31. Ẹni tó fẹ́ máa wo fíìmù tí bọ́ǹbù ti ń bú, ó fẹ́ kọjá ibẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Owó wọn kò dọ́gba. Ní gbogbo ìgbà tí ohùn bá fi ìlàjì relẹ̀, tí ẹ sì fẹ́ kó dún bákan náà, ojú wúfà gbọ́dọ̀ rìn ní ìlọ́po mẹ́rin: láti 80 bọ́ sí 40, mílímítà kan ti di mẹ́rin, láti 40 bọ́ sí 20, mẹ́rin ti di mẹ́rìndínlógún. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju eéje lọ. Nítorí náà ẹni tí jùjú àti àpàlà bá tó, kó má ra wúfà oníbọ́ǹbù.

Ní ti ariwo, ẹ jẹ́ kí n fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bá bàbá Adó sọ ọ́. Lọ́dún 1933, Fletcher àti Munson ní Amẹ́ríkà ti fi ìwọ̀n hàn pé bí a bá rẹ orin sílẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ sá lọ létí wa, kí àwọn ohùn àárín tó lọ. Ẹni tó ń gbọ́ orin rara lè má nílò kí báàsì rẹ̀ lágbára. Ẹni tó ń gbọ́ ọ jẹ́jẹ́ lálẹ́, tí kò fẹ́ jí ará ilé, òun gan-an ló nílò rẹ̀. Èmi kò fẹ́ kí Òdò-Ọjà, àdúgbò mi, mọ̀ pé mò ń gbọ́ orin. Mo fẹ́ mọ ohun tí ọwọ́ òsì onígìtá ń ṣe.

Ibi tí mo ti gbà fún bàbá ni ọ̀rọ̀ páálí. Àwọn ọmọ wa ń ra ẹ̀rọ nítorí ohun tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀: 10,000 wáàtì PMPO. PMPO yìí, tí wọ́n ní ó jẹ́ agbára orin tó ga jù lọ, kò ní òṣùwọ̀n kankan tí ayé fẹnu kò lé lórí. Ẹni tó tẹ páálí ló ń kọ ohun tó wù ú. Ẹ wo púlọ́ọ̀gì rẹ̀. Fíúùsì inú púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí à ń lò kì í ju 13 ampíà lọ. Iná wa, bó bá wà, tó sì pé, 230 fóòtì ni. 13 lọ́nà 230 jẹ́ 2,990. Ibo ni ẹgbẹ̀rún méje wáàtì tó kù ti ń wọlé? Ṣé ojú fèrèsé ni? Ojúlówó wáàtì 100 tó fún pálọ̀ ẹnikẹ́ni ní Èkìtì yìí. Kí etí tó gbà pé nǹkan ti dún ní ìlọ́po méjì, ẹ ti máa sọ wáàtì di ìlọ́po mẹ́wàá, ta ló fẹ́ san owó iná ìyẹn?

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Adó, mi ò ní dárúkọ wọn. Wọ́n gbé wúfà 12-ínṣì kan fún mi, ẹrù rẹ̀ tẹ̀wọ̀n. Mo bi ọmọ tó ń tajà léèrè nọ́ńbà mẹ́ta tó yẹ kó bá a jáde: Fs, Qts àti Vas. Ó fi ìka lu mágnẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ wo bó ṣe tóbi. Ẹ ṣáà gbé e fún káfíńtà, kó kan àpótí tó bá a mu.” Ta ló fẹ́ sọ èyí tó bá a mu fún káfíńtà? À ń wá gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹyẹ àkókó ń yọjú. Mo dá wúfà wọn padà, mo kí wọn, mo wọ mọ́tò Ìkẹ́rẹ́.

Olóòtú, torí ọ̀rọ̀ yìí ni mo ṣe ń kọ̀wé. Wúfà ló ń sọ bí àpótí ṣe máa tóbi tó. Kì í ṣe káfíńtà, kì í sì í ṣe àyè tó ṣẹ́kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Neville Thiele, ọmọ Ọsirélíà, to ìṣirò rẹ̀ jáde lọ́dún 1961. Richard Small fẹ̀ ẹ́ lójú ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Láti ìgbà náà ni ilé iṣẹ́ tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ ti ń kọ nọ́ńbà wọ̀nyí sínú ìwé tó ń bá wúfà jáde. Fs ni iye ìgbọ̀n tí wúfà fẹ́ràn jù nígbà tó wà lásán, tí kò sí nínú àpótí. Vas ni iye afẹ́fẹ́, ní lítà, tí líle rẹ̀ bá líle ìdè ojú wúfà náà dọ́gba. Qts ń sọ bí ìjánu ṣe wà lára rẹ̀ sí: bó bá kéré, mágnẹ́ẹ̀tì di ojú wúfà mú ṣinṣin, bó bá pọ̀, ojú wúfà á ṣì máa jó lẹ́yìn tí onílù ti gbọ́wọ́ sílẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ní Ìbàdàn ya fọ́tò ìwé wúfà 12-ínṣì kan ránṣẹ́ sí mi. Fs rẹ̀ jẹ́ 28 Hz, Qts 0.45, Vas 60 lítà. Ìṣirò àpótí tí a dé pa, tí kò ní ihò, kò le ju ti ọmọ girama lọ. Mo fẹ́ dán àpótí 40 lítà wò: mo fi 40 pín 60, ó fún mi ní 1.5, mo fi 1 kún un, ó di 2.5. Mo wá nọ́ńbà tó jẹ́ pé bí a bá fi òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, 2.5 ni yóò jáde: nǹkan bí 1.58. Mo fi 1.58 sọ Qts di púpọ̀, ó jẹ́ 0.71. Ibi tó dáa jù nìyẹn, nítorí ní nǹkan bí 0.707 ni ohùn ti máa ń tẹ́jú tó sì ń lọ sísàlẹ̀ jù láìsí pé apá kan wú. Mo tún fi 1.58 kan náà sọ Fs di púpọ̀, ó jẹ́ 44 Hz. Ibẹ̀ ni ohùn ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Ẹ ó ní 44 ga ju 41 mi lọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ohun tí n óò pàdánù ní 41 kò tó dẹ́síbẹ̀lì 4 (dẹ́síbẹ̀lì ni òṣùwọ̀n bí ohùn ṣe le tó), bí mo bá sì gbé e sí igun ilé, ògiri yóò dá púpọ̀ nínú rẹ̀ padà fún mi.

Ẹ wá jẹ́ ká ṣe é bí ọmọ ṣọ́ọ̀bù yẹn ṣe wí. Káfíńtà wo wúfà, ó wo ìsàlẹ̀ tẹlifíṣọ̀n, ó kan àpótí 20 lítà. 20 nínú 60 jẹ́ 3. Ẹ fi 1 kún un, 4. Nọ́ńbà tí à ń wá jẹ́ 2. Qts ti di 0.9, Fs ti di 56 Hz. Wúfà kan náà, owó kan náà, ṣùgbọ́n okùn 41 ti rẹlẹ̀ sí i, ohùn kan sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wú díẹ̀ ní òkè 56. Bí àpótí bá tún kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, wíwú yẹn á máa ki gbogbo orin mọ́lẹ̀, gbùm-gbùm-gbùm, orin ẹ̀mí ni o, orin ayé ni o. Ariwo tí bàbá Adó ń gbọ́ lójú pópó nìyẹn. Àpótí tí kò bá wúfà rẹ̀ mu ló ń pariwo bẹ́ẹ̀.

Ìdí tí mo fi yan àpótí tí a dé pa nìyí. Edgar Villchur ní Amẹ́ríkà ló sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé ń lò lọ́dún 1954: afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń ṣe bíi ti inú bọ́ọ̀lù, ẹ tẹ̀ ẹ́, ó tì yín padà, òun gan-an ló ń di ojú wúfà mú. Èyí tó ní ihò àti páìpù ti wà ṣáájú rẹ̀; Albert Thuras gba ìwé àṣẹ tirẹ̀ lọ́dún 1932. Òun ló ń dún jù pẹ̀lú wáàtì kékeré, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n mo ṣírò páìpù rẹ̀ fún àpótí 40 lítà tí n óò yí sí 32 Hz. Páìpù omi oní-4-ínṣì tó wà níbi gbogbo gbọ́dọ̀ gùn tó 50 sẹ̀ǹtímítà, bẹ́ẹ̀ 35 péré ni inú àpótí mi láti ẹ̀yìn dé iwájú. Bí mo bá lo oní-3-ínṣì, 27 sẹ̀ǹtímítà yóò tó, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ wúfà 12-ínṣì yóò máa súfèé nínú rẹ̀. Bí orin bá sì lọ sísàlẹ̀ ju 32 lọ, kò sí ohun tó di ojú wúfà mú mọ́, ó lè ta ara rẹ̀ ya. Ẹni tó ń kàn án fún ìgbà àkọ́kọ́ kò nílò wàhálà yẹn.

Àpótí mi yóò jẹ́ 35 sẹ̀ǹtímítà ní inú, gígùn, fífẹ̀ àti gíga. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 43 lítà. Ẹ yọ ohun tí mágnẹ́ẹ̀tì wúfà àti pákó àgbékọ́ inú rẹ̀ máa gbà, 40 ló kù. Àwọn kan ní kí a má ṣe é dọ́gba ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, nítorí ìró tó ń bù padà. Fún sípíkà tó ń kọ ohùn ènìyàn, wọ́n gba òótọ́ sọ. Fún wúfà tí kò kọjá 80 Hz, ìró yẹn wà lókè 480, kò kàn án. Pláíwuùdù mílímítà 18 ni mo fẹ́ lò. Ojúlówó pákó, ìbáà ṣe ìrókò, máa ń sán bí ọyẹ́ bá dé. MDF, pákó tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀, dára, ṣùgbọ́n bí òjò bá jò sí i, ó di àkàrà. Iwájú àpótí yóò jẹ́ ìlọ́po pákó méjì. Gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà àti sìkúrúù, kì í ṣe ìṣó. Bó bá parí, n óò fi gọ́ọ̀mù tí mo pò mọ́ ìyẹ̀fun tí ayùn tú jáde dí gbogbo igun láti inú. Lẹ́yìn náà n óò fi ọwọ́ ti ojú wúfà wọlé díẹ̀, n óò sì jọ̀wọ́ rẹ̀: bó bá rọra ń padà bọ̀, àpótí kò jò. Bó bá tètè padà, ẹ fetí lélẹ̀, ẹ ó gbọ́ ibi tó ti ń fẹ́.

Kì í ṣe gbogbo wa ló lè ra wúfà tuntun. Èyí tí wọ́n tú lára mọ́tò tòkunbọ̀ pọ̀ nílẹ̀, ó sì lè dára, bí ẹ bá mọ bí ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ kọ́kọ́ wo fóòmù etí rẹ̀; bó bá ń rún lọ́wọ́ yín, ẹ gbé e sílẹ̀. Ẹ tẹ́ ìka ọwọ́ méjèèjì yíká ojú rẹ̀ kó dọ́gba, ẹ rọra tì í wọlé, ẹ fi etí sún mọ́ ọn. Kò yẹ kí ẹ gbọ́ nǹkan kan. Bí ẹ bá gbọ́ híhà, bó ti wù kó kéré, kọ́ìlì rẹ̀ ti wọ́. Ẹ fi mítà àwọn oníṣẹ́ iná wọn ẹnu wáyà rẹ̀ méjèèjì: oní-4-óòmù (óòmù ni òṣùwọ̀n bí nǹkan ṣe ń dènà iná tó) máa ń ka ohun tó lé díẹ̀ ní 3, kì í pé 4. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo, 1.5 fóòtì, tó láti mọ èwo ni pọ́sítíìfù: ẹ fi kàn án fìrí, bí ojú wúfà bá fò síta, pọ́sítíìfù ni ẹ fi kan pọ́sítíìfù.

Wúfà tí kò ní ìwé náà kò sọnù. Ẹ gbé fóònù tó ní ètò tó ń mú ìró jáde sẹ́nu ampilifáyà, ẹ fi résístọ̀ 1,000 óòmù sáàárín ampilifáyà àti wúfà, kí mítà wà lórí ẹnu wúfà. Ẹ rọra máa yí ìró náà láti 15 Hz lọ sókè. Nọ́ńbà orí mítà yóò máa gòkè, yóò dé téńté, yóò tún máa bọ̀ wálẹ̀; ibi téńté yẹn ni Fs. Bí ẹ bá lẹ amọ̀ kékeré kan tí ẹ ti wọ̀n níwájú alágbẹ̀dẹ wúrà mọ́ ojú wúfà, Fs yóò lọ sílẹ̀, láti ara bó ṣe lọ sílẹ̀ tó ni ẹ ó ti ṣírò Vas. Tíṣà físíìsì èyíkéyìí lè bá yín ṣe é, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ yóò sì gbádùn rẹ̀ ju pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù lọ.

Ampilifáyà kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: pátákó kékeré àwọn onídíjítà tó ń lo 24 fóòtì, kí n lè so ó mọ́ bátìrì ìnfátà mi, kí n má baà máa tan jẹnẹrétọ̀ nítorí orin. Ààlà rẹ̀, ibi tí wúfà ti máa gba ohùn lọ́wọ́ àwọn sípíkà yòókù, yóò wà ní 80 Hz. Nísàlẹ̀ ibẹ̀, etí kì í mọ apá ibi tí ohùn ti ń wá dáadáa, nítorí náà ẹyọ kan tó, kò dìgbà tó bá di méjì.

Ibi tí mo máa gbé e sí ló ń lé oorun lójú mi báyìí. Ìgbì ohùn 41 Hz gùn tó nǹkan bí mítà 8 àbọ̀. Pálọ̀ mi jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 14, tó fi díẹ̀ lé ní mítà 4, èyí túmọ̀ sí pé ìdajì ìgbì náà gan-an ló gba inú rẹ̀ láti ògiri dé ògiri. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ohùn yẹn yóò kún lẹ́bàá ògiri, yóò sì kú láàárín gbùngbùn pálọ̀. Àga ìyàwó mi wà láàárín gbùngbùn. Mo ṣàlàyé fún un, ó ní òun kò kúkú bèèrè báàsì, kí n má fọwọ́ kan àga òun. Àga tèmi yóò sún mọ́ ògiri ẹ̀yìn. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń wá àyè wúfà ni pé kí ẹ gbé wúfà fúnra rẹ̀ sórí àga tí ẹ máa ń jókòó sí, kí ẹ fi orin tí ẹ mọ̀ dunjú sí i, kí ẹ wá máa rá kòrò yíká ilé. Ibi tí gbogbo okùn gìtá bá ti dún dọ́gba létí yín, ibẹ̀ ni kí ẹ gbé e sí. Kí ẹ tó rá kòrò ẹ ti ilẹ̀kùn, nítorí àwọn ará ilé. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó wá gbọ́ àwọn tó ń gbè é: páànù òrùlé, gíláàsì fèrèsé, fọ́tò ìgbéyàwó lára ògiri. Ẹ fi fóòmù pẹlẹbẹ sẹ́yìn fọ́tò.

Ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Ẹ ní ojú ewé tí ẹ ti ń kọ iye tí iṣu, gàárì àti sìmẹ́ńtì ń lọ lọ́jà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún àwọn oníṣòwò ẹ̀rọ ní àyè kékeré níbẹ̀, kí wọ́n máa kọ Fs, Qts àti Vas wúfà wọn mọ́ iye tí wọ́n ń tà á. Bí òǹkàwé kan bá sì mọ ṣọ́ọ̀bù ní Adó tàbí Àkúrẹ́ tó ń fún èèyàn ní ìwé yìí láìjà, kó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí yín. Wúfà ti Ìbàdàn yẹn, owó mọ́tò tó máa gbé e wá ti fẹ́ẹ́ tó ìdajì owó rẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Onígìtá báàsì kan,
Òdò-Ọjà, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.